Ímígíréṣọ̀n, Ilé-Ìwé àti Àwọn Ọmọ Wa: Ìbéèrè Tí Àwọn Òbí Ń Bi Mí ní Abẹ́òkúta

Àwọn òbí àti òbí-àgbà ló ń bi mí ní nǹkan wọ̀nyí: lẹ́yìn ìpàdé òbí àti olùkọ́, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké, nínú mọ́tò tó ń lọ sí Láfẹ́nwá. Agbo ilé tí kò ní ẹnì kan ní Houston, ní Maryland, ní Chicago tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ti di ọ̀wọ́n nílùú yìí. Bí fídíò kan bá ti jáde lórí WhatsApp pé àwọn ímígíréṣọ̀n wọ ilé-ìwé lọ́hùn-ún, àwọn ìyá-àgbà kì í sùn mọ́. Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí òfin sọ àti ohun tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ń ṣe ni mo kó jọ síbí. Ní ti ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà tó mọ̀ nípa ímígíréṣọ̀n.

Kí ló yí padà gan-an? Ṣebí wọn kì í wọ ilé-ìwé tẹ́lẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í sábà wọ̀ ọ́. Láti 2011 ni ICE, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mú àwọn àlejò tí pépà wọn kò pé, ti ní ìlànà pé kí òṣìṣẹ́ wọn yẹra fún ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn, àfi tí ọ̀ràn bá le tàbí tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹwàá 2021, wọ́n fẹ ìlànà náà dé ibùdókọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé àti pápá ìṣeré. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025, ọjọ́ tí Donald Trump búra lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fagi lé e.

Ìwé tuntun náà kò pàṣẹ pé kí wọ́n máa wọ kíláàsì o. Ohun tó sọ ni pé kí òṣìṣẹ́ lo làákàyè rẹ̀. Ìlànà ọ́fíìsì sì ni èyí tí wọ́n fagi lé, kì í ṣe òfin tí ilé aṣòfin ṣe. Ohun tí ọ̀gá kan kọ, ọ̀gá mìíràn lè fà á ya.

Kí wọ́n wọ inú kíláàsì lọ mú ọmọ kò wọ́pọ̀. Ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: bàbá tó ń gbé ọmọ lọ láàárọ̀, ìyá tó dúró níbùdókọ̀, ẹ̀gbọ́n tó wá mú àbúrò lọ́sàn-án. Nítorí náà ni ẹ̀rù fi wà ní géètì kódà níbi tí òṣìṣẹ́ kankan kò tíì tẹ inú ọgbà ilé-ìwé.

Ọmọ tí kò ní pépà, ṣé wọ́n ṣì ń gbà á sílé-ìwé ìjọba?

Wọ́n ń gbà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fìdí múlẹ̀ sí.

Ní 1975, ìpínlẹ̀ Texas ṣòfin pé owó ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ tí kò wọ ìlú lọ́nà ẹ̀tọ́. Ní 1977, ìlú Tyler ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa san $1,000 lọ́dún. Ẹ rántí pé owó ọdún 1977 nìyẹn, lọ́wọ́ alágbàṣe. Ìdílé mẹ́rin pe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé agbègbè náà, James Plyler, lẹ́jọ́. Wọ́n fi orúkọ wọn pamọ́, Doe ni ìwé ẹjọ́ ń pè wọ́n. Adájọ́ jókòó ní ìdájí kí ojú má bàa pọ̀ lára wọn, àwọn òbí náà sì mọ̀ pé àwọn lè ti kóòtù bọ́ sínú mọ́tò tó máa kó àwọn padà sí Mẹ́síkò.

Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 1982, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá àwọn ọmọ náà láre. Adájọ́ William Brennan tó kọ ìdájọ́ náà sọ pé ọmọ kọ́ ló pinnu láti sọdá ààlà, a kò sì lè fi ìwà òbí jẹ ọmọ níyà. Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn ń dáàbò bo gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀, yálà ó ní pépà tàbí kò ní. Láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé òpin sẹ́kọ́ńdìrì ni ìdájọ́ yìí dé, kò kan yunifásítì.

Márùn-ún sí mẹ́rin, ẹ ò rí i pé tín-ín-rín ni. Àwọn kan ò sì yé wá bí wọ́n ṣe máa wó o: ní oṣù Kẹrin 2025, ilé aṣòfin àgbà Tennessee fọwọ́ sí àbá tí ì bá jẹ́ kí ilé-ìwé lé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tàbí gbowó lọ́wọ́ wọn. Ilé aṣòfin kejì ló dá a dúró lọ́dún náà.

Ọmọ mi fẹ́ forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ni wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ̀rí pé agbègbè náà ni wọ́n ń gbé, bíi ìwé iná tàbí ìwé ilé. Ẹ̀rí ọjọ́ orí ọmọ: ìwé ìbí láti Nàìjíríà tó. Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó parí.

Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà Social Security, kò pọn dandan kó fún wọn, ilé-ìwé kò sì lè torí ẹ̀ kọ ọmọ. Físà, green card, ọjọ́ tí wọ́n wọ ìlú, kò kàn wọ́n. Ilé-ìwé tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní béèrè rárá, nítorí ohun tí kò sí nínú fáìlì, kò sẹ́ni tó lè wá gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo fẹ́ fi físà ìbẹ̀wò mú ọmọ mi lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀. Ṣé kò burú?

Ó burú. Ilé-ìwé lè gbà á nítorí ìdájọ́ 1982, ṣùgbọ́n ẹni tó fi físà ìbẹ̀wò wọlé tó wá jókòó sí kíláàsì ti rú àdéhùn físà rẹ̀. Físà ọmọ ilé-ìwé, F-1, náà ní ààlà tirẹ̀: láti 1996, òfin kò jẹ́ kí ọmọ fi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ní sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba, oṣù méjìlá péré ni, wọ́n á sì kọ́kọ́ san gbogbo owó tí ọmọ náà máa ná ìjọba. Ilé-ìwé aládàáni kò sí nínú èyí. Àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì kan wà níhìn-ín tí wọn kì í sọ ìdajì èyí fún yín kí wọ́n tó gbowó.

Bí ICE bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, kí ni àwọn olùkọ́ ń ṣe?

Ilé-ìwé tó múra sílẹ̀ kì í jẹ́ kí gbogbo olùkọ́ máa dá wọn lóhùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀, púrínsípà tàbí ẹni tó yàn. Akọ̀wé iwájú ọ́fíìsì, gáádì, olùkọ́ kíláàsì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níhìn-ín, mo ń pe ọ̀gá." Ọ̀gá á gba orúkọ àti nọ́ńbà òṣìṣẹ́ náà, á gba ìwé ọwọ́ rẹ̀, á yà á ní ẹ̀dà, á sì fi ránṣẹ́ sí lọ́yà agbègbè ilé-ìwé. Lọ́yà ló máa sọ ohun tó kù.

Orí ìwé yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà. Oríṣi méjì ni ìwé àṣẹ. Ọ̀kan, ICE fúnra wọn ló ń kọ ọ́: fọ́ọ̀mù I-200 tàbí I-205, òṣìṣẹ́ wọn ló fọwọ́ sí i. Èyí lè jẹ́ kí wọ́n mú èèyàn níta gbangba, ṣùgbọ́n kò fún wọn láṣẹ láti wọ ibi tí kì í ṣe ti gbogbo ayé, bíi kíláàsì. Èkejì, adájọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ ló fọwọ́ sí i, orúkọ kóòtù sì wà lókè rẹ̀. Èyí, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, bí ó ti wù kó dùn wọ́n tó. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀, tó rí òǹtẹ̀ ìjọba àti aṣọ dúdú, á ṣílẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ agbègbè fi ń ya àwòrán ìwé méjèèjì han àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tí wọ́n ń bá wọn ṣe ìdánrawò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Los Angeles ní oṣù Kẹrin 2025. Àwọn òṣìṣẹ́ Homeland Security, iléeṣẹ́ ìjọba tí ICE wà lábẹ́ rẹ̀, lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì, wọ́n ní àwọn wá wo àlàáfíà àwọn ọmọ kan. Wọ́n ní alágbàtọ́ àwọn ọmọ náà ti gbà pé kí àwọn wá. Àwọn púrínsípà béèrè ìwé, wọn ò rí ìwé adájọ́, wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ kankan. Wọ́n kúrò. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ìlú náà nígbà yẹn, Alberto Carvalho, wá sọ lẹ́yìn náà pé àwọn alágbàtọ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Carvalho fúnra rẹ̀, láti Pọ́túgà ló ti wá ní ọ̀dọ́, ó sì gbé Amẹ́ríkà láìní pépà fún ìgbà kan.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò pariwo. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ ti òṣìṣẹ́, kò gbọdọ̀ purọ́ fún un, kò gbọdọ̀ fi ọmọ pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù: ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí èèyàn dí wọn lọ́wọ́. Kó béèrè ìwé, kó kà á, kó pe lọ́yà, kó má sọ ju èyí tó yẹ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, California sọ ọ́ di òfin pé kí ilé-ìwé má jẹ́ kí wọ́n wọ ibi tí kì í ṣe ti gbogbo ayé láìsí ìwé adájọ́, kí wọ́n sì máa fi tó òbí àti olùkọ́ létí bí wọ́n bá wá. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní irú rẹ̀ o. Kí ọmọ yín tó wà ní Texas má ṣe fi òfin California sọ̀rọ̀.

Ṣé ilé-ìwé lè fún ìjọba ní orúkọ àti àdírẹ́sì ọmọ-ọmọ mi?

Òfin FERPA ti 1974 ló ń ṣọ́ ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ. Láìsí àyè òbí, tàbí àṣẹ kóòtù, tàbí ìwé ìpè tó bófin mu, ilé-ìwé kò lè kó o fún ICE.

Ihò kan wà lára rẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Òfin kan náà jẹ́ kí ilé-ìwé tú àwọn nǹkan kan síta tí wọ́n kà sí ohun tí kò léwu: orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí. Òbí lè kọ̀ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi tó òbí létí, òbí á sì kọ ìwé pé òun kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi ìwé yẹn sílẹ̀ sínú báàgì ọmọ títí ọdún á fi parí. Ẹ pe ọmọ yín, ẹ ní kó wá a jáde.

Wọ́n ní àwọn ọmọ ò lọ sílé-ìwé mọ́ láwọn ibì kan. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ibí sì ni ìpalára tó pọ̀ jù wà. Iye ọmọ tí òṣìṣẹ́ mú nínú ọgbà ilé-ìwé kéré gan-an sí iye ọmọ tí ẹ̀rù ti mọ́lé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àwọn òṣìṣẹ́ ààlà ya wọ agbègbè oko ní àárín gbùngbùn California. Thomas Dee, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Stanford, yẹ rẹ́jísítà àwọn ilé-ìwé ibẹ̀ wò: àìwá ọmọ sílé-ìwé fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, àwọn ọmọ kéékèèké ló sì pọ̀ jù. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí ọmọ kékeré kò lè dá lọ, òbí ló ń mú un dé géètì. Ní Charlotte, ní North Carolina, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ààlà dé ní oṣù Kọkànlá 2025, ju 30,000 ọmọ lọ ni kò wá lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, nínú nǹkan bí 140,000. Nínú wọn ni àwọn tí a bí síbẹ̀ wà, tí pépà tiwọn pé pérépéré. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ti àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, aládùúgbò wọn ni ejò bù jẹ.

Kò bẹ̀rẹ̀ ní 2025, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n kó nǹkan bí 680 òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ adìyẹ ní Mississippi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ọmọ wọn wà ní kíláàsì. Àwọn kan délé, wọn ò bá ẹnì kankan. Ilé-ìwé ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n fojú rí àgbàlagbà kí wọ́n tó já ọmọ sílẹ̀. Mo ti ronú sí àṣẹ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, àwọn olùkọ́ ló ronú kàn án lọ́sàn-án ọjọ́ burúkú.

Owó náà tún wà ńbẹ̀. Ní California àti Texas, iye ọmọ tó wá lójoojúmọ́ ni ìjọba fi ń pín owó fún ilé-ìwé. Tí àwọn ọmọ kan bá jókòó sílé, owó kíláàsì gbogbo wọn ló ń dín, ti ọmọ onílẹ̀ náà.

Yàtọ̀ sí géètì, kí ni olùkọ́ lè ṣe?

Ó pọ̀, èyí tó gbéṣẹ́ jù kì í sì í hàn. Àwọn ilé-ìwé ń ní kí òbí kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lè wá mú ọmọ, kí ó má jẹ́ bàbá àti ìyá nìkan. Ní California, ìwé kan wà tí mọ̀lẹ́bí lè kọ, tó fi lè fi ọmọ sílé-ìwé láìlọ sí kóòtù, bí òbí kò bá sí. Ní Chicago, lákòókò tí òṣìṣẹ́ ICE kún ìgboro ní 2025, àwọn òbí àti olùkọ́ fi fèrè sọ́rùn, wọ́n dúró sí ìkángun òpópónà, wọ́n ń kó àwọn ọmọ rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn mìíràn ń gbé oúnjẹ lọ sílé àwọn tí kò lè jáde, tàbí kí wọ́n máa kọ́ ọmọ lórí kọ̀ǹpútà.

Olùkọ́ tí ọmọ bi pé "Ṣé wọ́n máa mú mọ́mì mi?" kò gbọdọ̀ ṣèlérí pé rárá. Kò mọ̀. Ohun tó lè sọ ni pé, "Níbí, a mọ ẹni tó máa wá mú ọ, a ò sì ní fi ọ́ sílẹ̀ kó tó dé." Kó rí i dájú pé òótọ́ ni kó tó sọ ọ́.

Èmi kò fara mọ́ kí olùkọ́ máa bi ọmọ ní ìbéèrè nípa pépà òbí rẹ̀, bó ti wù kí inú rere rẹ̀ tó. Bí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ gbọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé kankan, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ yín lórí fóònù.

Àwọn olùkọ́ fúnra wọn ńkọ́? Ọmọ mi ń wá iṣẹ́ olùkọ́ lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ICE mú Ian Roberts, ọ̀gá àgbà gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní Des Moines, Iowa, ọmọ Guyana. Kí àwọn ọmọ jí láàárọ̀ kí wọ́n gbọ́ pé ọ̀gá gbogbo ọ̀gá ni wọ́n mú, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní oṣù yẹn kan náà, ìjọba gbé owó $100,000 lé físà iṣẹ́ H-1B tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá lè rí i san. Agbègbè ilé-ìwé tó ń wá olùkọ́ ìṣirò láti Abẹ́òkúta, níbo ni wọ́n á ti rí i? Kí ọmọ yín béèrè irú físà tí wọ́n ń fi mú un lọ kó tó san kọ́bọ̀.

Ìlú Ọba ńkọ́?

Wọ́n gbìyànjú tiwọn. Ní 2016, ìjọba England ní kí ilé-ìwé máa kọ orílẹ̀-èdè ọmọ àti ìlú tí a bí i sí sínú ìwé ìkànìyàn ilé-ìwé. Àṣírí tú pé àdéhùn ti wà pé kí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fún iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tó ń bójú tó ímígíréṣọ̀n, ní ìsọfúnni nípa nǹkan bí 1,500 ọmọ lóṣù. Òbí àti olùkọ́ kọ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan síbẹ̀, òfin sì gbà wọ́n láyè láti kọ̀. Ní 2018, ìjọba mú ìbéèrè méjèèjì kúrò. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló dùn mọ́ mi jù: ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo ló ṣiṣẹ́ náà.

Ṣé àwa náà ò ti ṣe irú ẹ̀ rí? Mo rántí "Ghana Must Go".

A ti ṣe é, wọ́n sì ti ṣe é fún wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti fi Gánà ṣelé ló kó dé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí èdè ibẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àwọn olùkọ́ ilẹ̀ yìí ní láti tún wọn kọ́.

Ó wá kàn wá. Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ ẹgbẹ́ UPN ní 1979, tí Olóyè Bísí Ọ̀nàbánjọ wà ní gómìnà níhìn-ín, ọmọ ya wọ kíláàsì, olùkọ́ ò sì tó. Àwọn olùkọ́ ọmọ Gánà ló dí àlàfo náà, ní ìṣirò, ní físíìsì, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní Abẹ́òkúta lákòókò yẹn á rántí "Mr. Mensah" kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì fún àwọn tí kò ní iṣẹ́ ìmọ̀ lọ́wọ́. Ju mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà lọ ló lọ. Àkókò tí wọ́n fún àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ gùn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró ka ìwé ìkéde nígbà tí gbogbo ará ilé rẹ̀ ń di ẹrù? Ohun tí mo ń sọ nípa Charlotte lókè yẹn náà nìyí.

Ọmọ Ègùn àti ọmọ Tógò wà nílé-ìwé wa níhìn-ín. Kí ni ojúṣe wa sí wọn?

Kí a kọ́ wọn. Òfin UBE ti 2004 sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ tó tó ọjọ́ orí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sì jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ Benin tàbí Tógò wọlé láìní físà fún 90 ọjọ́. Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí òbí gba ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ òbí àti ímígíréṣọ̀n nìyẹn, kì í ṣe ti tíṣà kíláàsì kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa: ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìlú bàbá. Kí la fẹ́ fi ṣe? A ń béèrè nítorí pé wọ́n ti ń béèrè tipẹ́. Ìyá Ègùn tó ń ta ẹja níbí, tó rí "orílẹ̀-èdè" lórí fọ́ọ̀mù, lè yí padà sílé kó má wá mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ìhà kejì. Ní 2003, àwọn ọlọ́pàá kó ọmọ ilẹ̀ Benin tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kúrò níbi ìfọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta yìí, wọ́n dá wọn padà sílé. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wá ṣiṣẹ́ ni, wọn ò sí nínú rẹ́jísítà kankan tí ẹnì kan ì bá fi béèrè pé, "Lágbájá dà?" Nítorí náà, kíkọ orúkọ kọ́ ni mo ń bá jà. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ orí, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí ọmọ bá pa ilé-ìwé jẹ ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnì kan wá a lọ. Ìyókù tó wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ fa igi sí i.

Wọ́n mú ọkọ ọmọ mi lọ́hùn-ún. Kí ni mo lè ṣe láti Abẹ́òkúta?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwọn ọmọ wà. Bí ilé-ìwé kò bá rí àgbàlagbà tó wà nínú ìwé wọn, ọ̀rọ̀ lè di ti ìjọba. Kí mọ̀lẹ́bí tó wà nítòsí, tó ní pépà, tètè dé ilé-ìwé.

Lẹ́yìn náà, ICE ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti lè wá ibi tí wọ́n fi èèyàn sí, bó bá ti pé ọdún 18. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A, tó wà lórí àwọn ìwé ímígíréṣọ̀n rẹ̀, àti orílẹ̀-èdè tí a bí i sí ni wọ́n ń fi wá a. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ fi orúkọ wá a bó ṣe wà nínú páásì gan-an. Kí "Oluwaseun" má di "Seun".

Nàìjíríà ní ilé aṣojú ní Washington, ó ní kọ́ńsílétì ní New York àti Atlanta. Ẹni tí wọ́n mú lẹ́tọ̀ọ́, lábẹ́ àdéhùn Vienna ti 1963, láti ní kí wọ́n sọ fún aṣojú ìlú òun. Bó bá jẹ́ pé ó ń tọrọ ààbò nítorí ohun tó sá fún nílé, kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó ní kí wọ́n pè wọ́n, kí ẹ̀yin náà sì má ṣe bá a pè wọ́n.

Ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ní òun "mọ ọ̀gá kan" ní ICE. Wọ́n á pè yín, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n, nítorí ìròyìn máa ń yára dé etí àwọn oníjìbìtì.

Wọ́n fẹ́ kó ọmọ-ọmọ mi wálé kó máa bá mi gbé. Ìwé wo ni kí wọ́n mú bọ̀?

Bí bàbá tàbí ìyá ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìwé òfin 1999, abala 25, ti sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà láti ìbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni a bí i sí. Kí wọ́n gba páásì Nàìjíríà fún un kó tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ti Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n mú ìwé ìbí, ìwé àjẹsára, àti èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, èyí tí ilé-ìwé fọwọ́ sí. Òbí ló lẹ́tọ̀ọ́ sí èsì yẹn. Kí wọ́n lọ gbà á kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, nítorí kì í rọrùn láti gbà á látòkèèrè.

Bí ó bá fẹ́ dé ọdún sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ẹ má jẹ́ kó wọlé ní SS3. WAEC ń fẹ́ èsì láti SS1, ilé-ìwé kò sì lè hùmọ̀ èyí tí kò sí. SS1 ni kó ti bẹ̀rẹ̀, bí kíláàsì tó wà lọ́hùn-ún bá tilẹ̀ ga ju ìyẹn lọ, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má máa fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nígbà asẹ́ńbílì.